Ṣé Ìfọ́nnu Ni Kí Èèyàn Jábọ̀ Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni mí, Ìwó níbí sì ni ọ́fíìsì mi wà. Poli Ìrèé ni mo ti kàwé jáde. Mo wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8, ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí. Èmi ni mo to gbogbo fáìlì àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, èyí tí òjò ti ń rin láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í rí nǹkan nínú wọn. Wọ́n lé ní 400. Lónìí, bí bàbá tàbí ìyá kan bá wá bèèrè fáìlì wọn, kí wọ́n tó jókòó dáadáa, mo ti gbé e jáde. Ọ̀gá wa kò mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é.

Ọkùnrin kan wà tó bá mi lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọ́fíìsì ọ̀gá ló máa ń wà ṣáá. Bó bá gbé àga láti ibì kan sí ibòmíràn, yóò gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp. Òun ni wọ́n mú lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣogbo, wọ́n sì ń sọ ọ́ kiri pé òun ni yóò kọ́kọ́ gba ìgbéga. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí èmi náà máa polówó ara mi. Ṣùgbọ́n àáfà ni bàbá tó bí mi lọ́mọ, wọ́n sì kọ́ wa pé ṣekárími máa ń ba iṣẹ́ rere jẹ́. N kò mọ ọ̀gá í pọ́n, n kò sì ní ẹsẹ̀ gígùn. Ṣé ẹni tí kò bá fọ́nnu kò lè gòkè mọ́ ni? Bí mo bá sì fẹ́ kọ̀wé sí kọmíṣọ́n tó ń rí sí iṣẹ́ ọba lórí ọ̀rọ̀ ìgbéga mi, ṣé kò ní di ìjà?

Òṣìṣẹ́ tó ń dákẹ́ ṣiṣẹ́, Ìwó

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ àwọn fáìlì yẹn. Ẹni tó bá ti wọ yàrá fáìlì tí òjò ń jò sí rí ló mọ ohun tí ẹ ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi nìyí. Iṣẹ́ kò ká yín láyà. Ohun tó ń dààmú yín ni pé ó dà bíi pé ọ̀nà méjì péré ló wà: kí ẹ panu mọ́, kí iṣẹ́ yín sì rà síbẹ̀, tàbí kí ẹ di onífáàrí tí bàbá yín kò ní dá mọ̀ mọ́. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ ni, àwọn tó ti di dáírẹ́kítọ̀ pàápàá ṣì ń bi ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn tààrà: ẹ kò nílò ìfọ́nnu rárá. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ tí ẹ ń dá yìí kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán yín ni ẹ kò tíì jẹ́ tán.

Ẹ wò ó báyìí. Ìyá kan rán ọmọ rẹ̀ sí ọjà Odò-Orí pé kó lọ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà òun. Ọmọ lọ, wọ́n ka owó fún un, ó pé. Ó délé, ó ti owó bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó sùn. Kò jalè, kò purọ́, síbẹ̀ ìyá yóò bá a wí bí ilẹ̀ bá mọ́, nítorí láti alẹ́ àná ni ọkàn ìyá kò ti balẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó ti tún rán ẹlòmíràn lọ. Bí ọmọ náà bá ti wọlé tó ní, “Mo bá wọn, wọ́n ní kí n kí yín, owó náà rèé,” ta ni yóò sọ pé ó ń fọ́nnu? Ọmọ tó jíṣẹ́ tó sì jábọ̀ ni. Apá kan iṣẹ́ náà ni ìjábọ̀, kì í ṣe ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ní ti iṣẹ́ ọba, ìdí mìíràn tún wà. Àwọn tí yóò jókòó lórí ìgbéga yín kò sí ní Ìwó. Sẹkitéríàtì Abéré ni wọ́n wà, lẹ́bàá Òṣogbo níbẹ̀, wọn kò sì wọ yàrá fáìlì yín rí. Ẹ̀yin fúnra yín kò ní dé iwájú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yẹ orúkọ wò. Bébà ni yóò ṣojú yín. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bí òógùn yín kò bá sí lórí bébà yẹn, kò síbì kankan tí wọ́n ti lè rí i, kódà bí wọ́n bá jẹ́ olóòótọ́ èèyàn.

Bébà ọ̀hún ni fọ́ọ̀mù APER tí ẹ máa ń kọ lọ́dọọdún. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn rẹ̀ díẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ìwé àṣírí ni ọ̀gá fi ń kọ ìròyìn nípa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kò ní rí i. Ó lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún kó má mọ̀ pé ẹnìkan ti kọ “ọ̀lẹ” sí òun lórí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji darí láti yẹ iṣẹ́ ọba wò jábọ̀ ní 1974, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọ́n dábàá ni pé kí ìròyìn náà wá sójútáyé, kí òṣìṣẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀. Owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù tí wọ́n pín ní 1975, nìkan ni ọ̀pọ̀ àgbà rántí, nítorí owó náà dùn, wọ́n sì fi ra alùpùpù àti rédíò. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdájọ́ tó hàn síta yẹn ju owó náà lọ. Nítorí rẹ̀ ni ẹ ṣe ní àyè lónìí láti fọwọ́ ara yín kọ ohun tí ẹ ṣe, kí ọ̀gá tó kọ tirẹ̀, kí ẹ sì rí èyí tó kọ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo ti da ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún un nù.

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, mo ka fọ́ọ̀mù yìí títí ojú fi ń ro mí. Níbi tí wọ́n ti ní kí òṣìṣẹ́ to iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe ṣe pàtàkì tó, ohun tí mo sábà ń rí ni: “Títọ́jú fáìlì. Iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀gá bá yàn fún mi.” Ó parí. Ẹni tó ń kà á ní Abéré kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín yín àti ẹni tó kọ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, tó sì ń fi orí lé tábìlì sùn ní gbogbo ọ̀sán. Ẹ jẹ́ ká tún un kọ, kí ẹ sì ṣàtúnṣe ohun tí kò bá rí bẹ́ẹ̀:

“Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejìlá, mo to fáìlì àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tó lé ní 400, tí òjò ti rin, mo sì ṣe ìwé atọ́ka fún wọn ní títò A, B, D. Mẹ́sẹ́ńjà wa ló bá mi kó wọn sá sóòrùn. Láti ìgbà tí mo ti parí rẹ̀, kò sí ẹni tó wá bèèrè fáìlì rẹ̀ tí a ní kó padà wá lọ́la.”

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ìyẹn kò ṣòro. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ kò pe ara yín ní akíkanjú, ẹ kò pe ara yín ní aláápọn. Ìgbà wà níbẹ̀, iye wà níbẹ̀, ẹni tó jàǹfààní wà níbẹ̀, orúkọ iṣẹ́ ẹni tó ràn yín lọ́wọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiyèméjì lè dìde, kó lọ ṣílẹ̀kùn yàrá fáìlì, kó wò ó. Ibẹ̀ ni ààlà wà. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣeé yẹ̀ wò, ìjábọ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé ẹnu yín nìkan ni ẹ̀rí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀gá kó sọ ọ́. (Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnìkan wà tí ẹ ní kó padà wá lọ́la, ẹ yọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kúrò.)

Ẹ má dúró di ìparí ọdún kí ẹ tó máa rántí. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá parí sínú rẹ̀, ọjọ́ àti iye. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ kọ ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí bébà, ẹ fi sínú fáìlì ìwé tó ń lọ sórí tábìlì ọ̀gá, bí gbogbo ìwé iṣẹ́ ṣe ń lọ. Kò pọn dandan kí ẹ lọ jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, áńbọ̀sì ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni inú wọn yóò dùn sí i, nítorí àwọn náà ní ẹni tí wọ́n ń jábọ̀ fún, ọ̀rọ̀ a sì máa wọ́n wọn lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá dé ìpàdé. Ẹ̀yin tí ẹ kọ nǹkan fún un lẹ ti bá a di ẹrù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá kan ọ̀rọ̀ ṣekárími, nítorí mo rí i pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ̀ yín lára, n kò sì ní fojú kéré ohun tí bàbá kọ́ ọmọ. Òótọ́ ni bàbá yín sọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nítorí kí wọ́n lè rí i, bí kò bá sẹ́ni tó ń wò, kò ní ṣe é. Ẹ̀yin ti to fáìlì náà tán kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Kò sí bí ìjábọ̀ ṣe lè sọ ọ́ di ṣekárími lẹ́yìn tí ó ti parí.

Ẹ bi bàbá yín léèrè, bí wọ́n bá ṣì wà láyé, nípa súúrà kejìlá, ẹsẹ 55. Níbẹ̀ ni Ànábì Yúsúfù ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọba Íjíbítì pé kó fi òun ṣe alábòójútó àwọn àká ilẹ̀ náà, nítorí òun mọ nǹkan í tọ́jú, òun sì ní ìmọ̀ rẹ̀. Kò sọ pé òun lẹ́wà, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó lẹ́wà. Kò sọ pé ọmọ ànábì lòun, bẹ́ẹ̀ ọmọ ànábì ni. Ohun méjì tó kan iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ló sọ, ìyàn sì ń bọ̀ lóòótọ́. Ọba ló kọ́kọ́ pè é, òun náà kò sì fi àyè yẹn sílẹ̀ kó kọjá.

Yúsúfù yìí kan náà ni yóò bá wa dáhùn ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gígùn. Nígbà tó wà lẹ́wọ̀n, ó bẹ ẹnìkan tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́ agbọ́tí ọba pé kó dárúkọ òun níbẹ̀. Onítọ̀hún dé ààfin, ó gbàgbé. Bíbélì ní odindi ọdún méjì kọjá. Ọjọ́ tí ọba wá lá àlá tí kò sẹ́ni tó lè túmọ̀ rẹ̀ ni ọkùnrin náà tó rántí. Ohun tó sì rántí ni pé ẹnìkan wà tó mọ àlá túmọ̀. Kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ọba ṣàánú ọ̀rẹ́ òun kan. Iṣẹ́ tí onítọ̀hún lè ṣe ló sọ. Wọn kì í ṣe mọ̀lẹ́bí, wọn kì í ṣe ọmọ ìlú kan náà. Ìgbà díẹ̀ ni wọ́n jọ wà pọ̀, ṣùgbọ́n láàárín ìgbà díẹ̀ yẹn, ó ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí Yúsúfù mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní 1973, onímọ̀ àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, tẹ ìwádìí kan jáde tó jọ èyí. Ó bi àwọn òṣìṣẹ́ tó rí iṣẹ́ tuntun nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀, ní ìlú Newton lẹ́bàá Boston, pé báwo ni wọ́n ṣe máa ń rí ẹni náà sí kó tó di ìgbà yẹn. Nínú 100 wọn, bíi 17 péré ló ń rí onítọ̀hún léraléra. Bíi 56 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bíi 28 kì í sábà rí i rárá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín tímọ́tímọ́ gbọ́, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ. Ojúlùmọ̀ tó wà níbòmíràn ló ń gbọ́ ohun tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ mú un bọ̀ sílé. Gbogbo yín tí ẹ jọ wà lọ́fíìsì ní Ìwó, ìròyìn kan náà lẹ ń gbọ́, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ jọ jáde ní Ìrèé ti fọ́n ká: òmíràn lè wà ní Abéré, òmíràn lè wà ní Ilé-Ifẹ̀, òmíràn sì lè máa ṣiṣẹ́ ní poli ìjọba àpapọ̀ ní Ẹdẹ. Nígbà wo lẹ kí wọn gbẹ̀yìn? N kò ní kí ẹ máa tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá bí ọmọ, ẹ bá wọn yọ̀. Bí wọ́n bá bi yín pé báwo niṣẹ́, ẹ má kàn fi “a dúpẹ́” dá wọn lóhùn. Ẹ sọ pé, “Fáìlì tó ti bàjẹ́ ni mo ń tò, ó wá dára gan-an.” Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wá ẹni tó mọ fáìlì í tò ní Abéré, ẹ̀yin ni wọn yóò rántí. Bákan náà ni ẹgbẹ́ àfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Akọ̀wé ni wọ́n sábà máa ń wá tì níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ náà kò lówó nínú. Ẹ gbà á. Àwọn tó wá láti ọ́fíìsì mìíràn yóò rí bí ìwé yín ṣe mọ́ tó, ẹ kò sì ní í sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ara yín.

Ó yẹ kí n fi àpẹẹrẹ tiwa kún ọ̀rọ̀ ìjábọ̀. Olóyè Simeon Adebo ará Abẹ́òkúta di olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọba ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n tó rán an lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962. Ní 1984 ó tẹ ìwé jáde nípa ìgbésí ayé rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ṣe. N kò tíì gbọ́ ẹni tó pè é ní onífọ́nnu nítorí rẹ̀. Ó jábọ̀ ni.

Ní ti ọkùnrin tó bá yín níbẹ̀, ẹ má fi í ṣe ọ̀tá. Ó lè jẹ́ pé òfìfo ló ń pariwo, ó sì lè jẹ́ pé òun kàn mọ ìjábọ̀ ju yín lọ ni. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́n: ẹ bi í léèrè bó ṣe gbọ́ nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Òṣogbo. Yóò dùn mọ́ ọn láti sọ, ẹ ó sì mọ ẹni tó yẹ kí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá pípọ́n kò sí nínú gbogbo èyí, owó fífún kò sì sí níbẹ̀. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nítorí ìgbéga, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin tó dá ICPC sílẹ̀ ní ọdún 2000, ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà á ni òfin náà mú. Bí ọ̀gá yín bá jẹ́ aládùúgbò tí ẹ ti ń gbé ẹran Iléyá fún tẹ́lẹ̀, ẹ máa gbé e lọ. Bí ẹ kò bá gbé e rí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí ìgbéga ń bọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin tí ẹ ti wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8. Nínú òfin iṣẹ́ ọba àpapọ̀, ó kéré tán, ọdún mẹ́ta ni ẹni tó wà láàárín lẹ́fẹ́ẹ̀lì 7 sí 14 gbọ́dọ̀ lò kí ìgbéga tó tọ́ sí i; ẹ bèèrè ti ìpínlẹ̀ yín lọ́dọ̀ ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé “tọ́ sí” ni mo wí. Àyè gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ lókè, owó gbọ́dọ̀ wà, ìgbà mìíràn sì wà tí ìjọba kò ní gbé ẹnikẹ́ni ga. Nítorí náà, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ìdádúró náà ru ara yín tàbí ọkùnrin yẹn.

Bí ẹ bá rí i pé ìgbà ti kọjá, ẹ lè kọ̀wé sí kọmíṣọ́n, kò sì ní di ìjà bí ẹ bá gba ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín ni ìwé náà gbọ́dọ̀ gbà, ẹ má fò ó kọjá. Ẹ gbé e fún un fúnra yín, kí ẹ sì ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀ ni ẹ ń rò. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gba ìgbéga kẹ́yìn síbẹ̀ àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì yín, kí ẹ so ẹ̀dà lẹ́tà ìgbéga náà mọ́ ọn. Ojú ìwé kan ti tó. Kí ẹ tó fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ọ̀gá fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì pé òun ti gbà á, kó kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà yẹn lọ sílé.